Erékùṣù Inú Ìyẹ̀wù

Agbo Ilé Onírin,
Kemta, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun àsùbáà.

Rodiat ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí gbogbo ohun tó ń mí nínú ilé yín ní Itori, títí kan ajá aládùúgbò yín tí kò fẹ́ràn mi. Ṣé ara le? Ṣé ọ̀nà Èkó kò tíì jẹ ẹsẹ̀ yín tán? Mo bẹ Ọlọ́run kí ìwé yìí bá ọ nínú ìdùnnú, kí ó sì bá ọ ní ìjókòó, nítorí bí o bá kà á ní ìdúró, ó ṣeé ṣe kí o ti wọ ọkọ̀ Abẹ́òkúta kí o tó kà á dé ìdajì. Èmi náà wà. Eékún mi ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró, ṣùgbọ́n kò sí àrùn kankan lẹ́nu mi.

Ìròyìn àkọ́kọ́ nìyí: bàbá rẹ ti ṣẹ́gun. Eré tí o fi ránṣẹ́ sí mi, ti ọkùnrin tí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ rì, tí òkun gbé e jù sí erékùṣù tí ẹnì kankan kò gbé, mo ti ta á já. Mo kọ́ ilé fún un, mo dá iná fún un, mo kan ọkọ̀ tuntun, mo gbé e padà sílé. Kò tán síbẹ̀. Ilẹ̀kùn ìyẹ̀wù tó há mọ́ mi lọ́jọ́ Àtàláátà, ọwọ́ ara mi ni mo fi já a, bí ológun Ẹ̀gbá ayé àtijọ́. Gbogbo Kemta ló pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ó dáa. Gbogbo Kemta kọ́. Ènìyàn mẹ́ta ni, ọ̀kan nínú wọn sì ń pa ẹ̀fọn ni. Ọkọ̀ tí mo ní mo kàn náà, ó ku igi díẹ̀ kí n kàn án tán. Ní ti ilẹ̀kùn, n ó dé ibẹ̀. Má yọ mí lẹ́nu.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ bi mí. Ta ló tún ń kọ lẹ́tà lóde òní tí wáásáàpù wà? Èmi ni. Bí mo bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, inú ikọ́ mi lo ti máa ń gbọ́ irọ́ mi. Lẹ́tà kì í wúkọ́. Àti pé lórí fóònù, kí n tó sọ gbólóhùn kan, o ti sọ mẹ́ta, o sì ti fi "Bàbá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, ẹ rí i pé ẹ jẹun o" parí rẹ̀. Lónìí, èmi nìkan ni n ó sọ̀rọ̀. Síkírù onímọ́tò tó ń ná Itori ni n ó fi rán, mo sì ti sọ fún un pé bí ó bá tú u kà, àṣírí ìyá rẹ̀ ni mo kọ sí inú rẹ̀.

Ohun tó mú mi kọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ tí o sọ nírọ̀lẹ́ Àtàláátà yẹn. O ní, "Bàbá, mo pè yín títí, ẹ ò gbé e. Ọkàn mi ń já. Níbo lẹ wà?" Mo ní ìpàdé mọ́sáláṣí ni mo wà. O dákẹ́. Mo mọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, ìyá rẹ ló fi sílẹ̀ fún ọ kó tó lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì o pe Abdulkabir, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ ń gbé agbo ilé, o bi í bóyá ìpàdé wà lóòótọ́. Ọmọkùnrin tí mo kọ́ ní kéú, tí mo kọ́ bí a ṣe ń kan ìṣó, mi ò mọ̀ pé mo gbàgbé láti kọ́ ọ bí a ṣe ń pa irọ́ fún àgbà. Ó ní kò sí ìpàdé kankan. O sì fi iṣẹ́ rán an sí mi pé, "Ẹ sọ fún Bàbá kí wọ́n máa di ẹrù. Lọ́jọ́ Sátidé mò ń bọ̀ wá mú wọn. Wọn ò lè dá gbé mọ́."

Sátidé kò jìnnà. Ibi tí n ó ti lo ìyókù ayé mi ló wà nílẹ̀ yìí, mi ò sì fẹ́ kí ó jẹ́ pé irọ́ ìpàdé mọ́sáláṣí ni yóò gbé mi kúrò ní Kemta. Bí mo bá máa lọ, kí o mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí o tó kó mi.

Má bínú o, mi ò kórìíra ilé rẹ. Ilé tó dára ni. Táìsì ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ débi pé mo máa ń rí ojú ara mi nínú rẹ̀, tí mo ń kí i pé ẹ kú ìjókòó. Ṣùgbọ́n rántí ìgbà tí mo wá gbé lọ́dọ̀ yín lẹ́yìn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún mi. Kí ládánì tó pe ìrun àsùbáà ni ìwọ àti ọkọ rẹ ti ń sáré lọ bá ọkọ̀ Èkó. Ẹ ó ti géètì láti ìta nítorí olè, ẹ ó ní, "Bàbá, oúnjẹ wà nínú fíríìjì, ẹ kú ilé o." Ó di ẹ̀yìn ìrun àìṣáì kí ẹ tó dé, ojú yín á ti pọ́n, oorun á ti ń fà yín lẹ́wù. Láàárín ìgbà yẹn, ó ku èmi àti fẹ́ǹsì. Fẹ́ǹsì yín ga, kò sì lẹ́nu. Mo sọ àwàdà kan fún un tó ti pa gbogbo ọjà Ṣàpọ́n lẹ́rìn-ín rí, kò rẹ́rìn-ín. Mo ń gbọ́ ìró àwọn tírélà tó ń gbé sìmẹ́ńtì kọjá lójú títì, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wọ́n lórúkọ. Eléyìí Ràìmì ni, ó ń wúkọ́ fée. Eléyìí Súárà ni, ó sanra. Ìwọ rò pé ojú ló ń yọ mí lẹ́nu nígbà náà. Ojú ti ń sàn. Ẹnu ni kò rí iṣẹ́ ṣe.

Mo padà sí orí eré náà. Nígbà tí Síkírù gbé páálí rẹ̀ dé, mo rò pé lúdò ni. Mo tú u, mo rí pátákó tí wọ́n ya erékùṣù sí, mo rí káàdì rẹpẹtẹ, mo rí dáìsì, mo rí ègé igi wẹ́wẹ́ tó dúró fún omi àti oúnjẹ. Lẹ́yìn náà mo rí ọkùnrin onígi kan ṣoṣo, kò tó ìka mi tó kéré jù. Mo wá ìyókù rẹ̀. Mo gbọn páálí, mo dojú rẹ̀ dé. Mo sáré pe Síkírù padà, mo ní, "Ìwọ, kó àwọn ọmọ ayò yòókù jáde nínú àpò rẹ!" Ó fi Kùránì búra. Ìgbà tí mo jókòó ti ìwé òfin rẹ̀, tí mo ń fi ìwé mẹ́fà tí mo kà ṣa gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, ni mo tó rí i pé ènìyàn kan ṣoṣo ló ń ta á. Kò sí alátakò. Kò sí òǹwòran.

Rodiat, ìwọ náà rò ó wò. Ọ̀ta ń bẹ, òpè ń bẹ, aláwíyannu kan ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọn ò pè sí i tó ń ní, "Ilé yẹn ni kí o fi jẹ ẹ́!" Ohun tí à ń pè ní ayò nìyẹn. Bí mo bá jẹ Láwàlì ọ̀rẹ́ mi lójú ọpọ́n, n ó bú imú rẹ̀, òun á bú ẹsẹ̀ mi, a ó mu omi tútù, a ó tún un ta. Ta ni n ó bú nínú eléyìí? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú dáìsì.

Bí wọ́n ṣe ń ta á kò le. Ojoojúmọ́ ni wàá ṣí káàdì kan. Káàdì náà lè ní òjò dé, ó lè ní ejò dé, ó lè ní ibà mú ọ. Wàá ju dáìsì láti mọ bí ọkùnrin náà yóò ṣe yè é. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ó gbọ́dọ̀ jẹ ègé oúnjẹ kan, kó mu ègé omi kan. Bí kò bá rí i, ó di ẹni àná. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí igi tó pọ̀ tó kó jọ fi kan ọkọ̀ kí ìjì ńlá tó jà, ó ti bọ́, ó dilé.

Tèmi kì í dilé. Ó ń kú ni. Mo ta á ní ìgbà àkọ́kọ́, ebi pa á kú. Mo tún un ta, ebi tún pa á kú. Láwàlì wo pátákó náà lọ́jọ́ kan, ó ní, "Àlùájì, ẹ wò ó, oúnjẹ wà níbí. Kí ló dé tí ẹ ò fún un jẹ?" Mo ní ti àlejò nìyẹn. Ó ní, "Àlejò wo?" Mo ní, "Èyí tó bá yà." Ìgbà tí mo wí i tán ni mo rí àṣìṣe mi. Ní gbogbo ìgbà tí ọkùnrin náà bá rí oúnjẹ, mo ń yọ ègé kan sẹ́yìn, mo ń fi í sí ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀, mi ò tilẹ̀ ronú sí i. Ìyá mi ò se ọbẹ̀ rí kó mọ níwọ̀n ẹnu tó wà nílé, ìyá tìrẹ náà ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣòro fún mi láti jókòó sí ibì kan kí n gbà pé ẹnikẹ́ni ò ní kan ilẹ̀kùn. Láwàlì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ó máa ṣe àlejò òkun!" Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, síbẹ̀ nígbà tí mo tún un ta, ọwọ́ mi tún yọ ègé kan sẹ́yìn.

Bí wọ́n ṣe wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ mi nìyí. Pálọ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ń ta á. Mosúnmọ́lá, ìyàwó Abdulkabir, ìyá Ummulkulthum, gbé ẹ̀bà wọlé fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó bá mi níbi tí mo ti na ìka sí dáìsì, tí mo ń ní, "Òdájú! O ò ní fún wa lómi lónìí náà?" Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní, "Ọkọ mi àgbà, ta lẹ̀ ń bá jà?" Mo ní, "Erékùṣù ni." Ó gbé ẹ̀bà sílẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin, ó fẹ̀yìn rìn jáde.

Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo agbo ilé ti gbọ́ pé Àlùájì ń dá ayò ta, ó ń bú ara rẹ̀, ó sì ń dá ara rẹ̀ lóhùn. O mọ ìlú wa. Ẹni tó bá ń dá sọ̀rọ̀, tí kò sí fóònù létí rẹ̀, wọ́n á ní ó ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láwàlì fúnra rẹ̀ wá, kò mú ọpọ́n ayò dání, ó jókòó tì mí bí ẹni wá kí aláìsàn. Ó ní, "Àlùájì, òní ọjọ́ kí ni?" Mo ní, "Ọjọ́ tí n ó nà ọ́ ni." Ó lọ sọ fún Abdulkabir ní kọ̀rọ̀ pé orí mi ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kí wọ́n máa fojú sí mi lára. Lọ́jọ́ kejì wọ́n gbé hàǹtú wá, omi tí wọ́n fi fọ wàláà, wọ́n ní kí n mu ún kí ọkàn mi lè balẹ̀. Mo mu ún. Mo ní nígbà mìíràn kí wọ́n bá mi fi ṣúgà sí i. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Rodiat, nígbà tí o bá rí i tí àwọn ará ilé mi ò rín ẹ̀rín mi mọ́, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀.

Ìtìjú mú mi. Ó yẹ kí n pa eré náà tì. Mi ò lè pa á tì, nítorí ọkùnrin onígi yẹn ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, mo sì fẹ́ gbé e délé lẹ́ẹ̀kan péré kí n tó fi í sílẹ̀. Mo bá kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ìyẹ̀wù, yàrá ìyá rẹ, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri aládùúgbò. Ibẹ̀ ni mo ti ń ta á. Kí Mosúnmọ́lá má baà tún wọlé bá mi, mo máa ń ti ilẹ̀kùn láti inú.

O rántí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn yẹn. Nígbà tí mo ń ta irin ní Ṣàpọ́n, ìṣó, ìdè ilẹ̀kùn, àgádágodo, èyí tó le jù lọ nínú ọjà mi ni mo mú wá sílé. Mo máa ń sọ fún oníbàárà pé Jámánì ni, pé bí olè bá rí i, yóò kí i, yóò sì yà sí ilé kejì. Lọ́jọ́ Àtàláátà, lẹ́yìn ìrun àìlà, mo wọ ìyẹ̀wù, mo yí ọmọ kọ́kọ́rọ́ nínú rẹ̀, mo gbọ́ "kẹ́!" Orí ọmọ kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, ìyókù rẹ̀ wà nínú ihò. Jámánì ti mú mi.

Mi ò kọ́kọ́ bẹ̀rù. Mo ní eré ni mo wá ta, ẹnì kan á wá kí n tó ta á tán. Mo jókòó, mo ṣí káàdì. Káàdì ní ọ̀dá dé, kò sí omi. Mo yíjú wo bùtà tí mo fi ṣe àlùwàlá, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló kù. Mo gbé e mu. Ọkùnrin onígi mu tirẹ̀. Iná mànàmáná ti lọ láti àárọ̀, fáànù dúró jẹ́ẹ́, irin tí mo kàn mọ́ fèrèsé kò jẹ́ kí n lè yọ ju ọwọ́ lọ. Mo na ọwọ́ jáde, mo fi ìka kan ògiri aládùúgbò. Ògiri náà gbóná.

Ìgbà yẹn ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní pálọ̀. Mo mọ̀ pé ìwọ ni, nítorí ìwọ nìkan lo máa ń pè mí nígbà tí ẹ bá ń jẹun ọ̀sán níbi iṣẹ́. Mo dìde, mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ní, "Mò ń bọ̀, Rodiat!" Bí ẹni pé o ń gbọ́. Ó dákẹ́. Ó tún dún. Mo tún ní mò ń bọ̀.

Mo wá pariwo. "Ìyá Ummu! Ìyá Ummu o! Ilẹ̀kùn ti há mọ́ mi!"

Mosúnmọ́lá wà ní àgbàlá, mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń fún aṣọ. Ó dáhùn pé, "Ọkọ mi àgbà, ẹ kú àwàdà o!"

Mo ní, "Kì í ṣe àwàdà! Ọmọ kọ́kọ́rọ́ ló kán!"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan lẹ lè rí mi mú. Ẹ ti kú lójú mi rí, ẹ wá ń bi mí pé kí ni mo sè."

Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fa èyí. O gbọ́ nípa rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, o sì bá mi wí. Mo dùbúlẹ̀ lórí ẹní, mo fa aṣọ borí, mo di èémí mú, kí n lè mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ sunkún mi. Mosúnmọ́lá ni. Ó ká ọwọ́ lérí, ó ń ké, mo bá la ojú kan, mo ní, "Kí lo sè lónìí?" Láti ọjọ́ náà ló ti búra pé ohun tí mo bá sọ láti inú yàrá, òun ò gbà á gbọ́ mọ́.

Mo ní, "Mo fi Ọlọ́run búra, ìyàwó wa!" Ó ní, "Ẹ ti búra lọ́jọ́ tí ẹ ní àwọn oníná ti dé ẹnu ọ̀nà, tí gbogbo wa ń sáré yọ wáyà." Mo fi ọwọ́ méjèèjì lu ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ẹ rọra lù ú o, Jámánì ni!" Ẹ̀rín rẹ̀ dùn púpọ̀, bí kì í bá ṣe pé èmi ni mo wà nínú, n bá bá a rín in. Ó sá aṣọ tán. Mo gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Mo gbọ́ ilẹ̀kùn ìta.

Àkókò ìrun àlàásárì tó, kò sí omi. Mo fi ọwọ́ pa eruku ara ògiri, mo fi ṣe àlùwàlá aláìlómi, mo kírun. Ohun mìíràn tí àgbàlagbà tí wọ́n há mọ́lé láti ọ̀sán lè nílò, má bi mí. Sá ra ìkòkò òdòdó mìíràn bọ̀, nítorí èyí tí o gbé sí yàrá ìyá rẹ kò ní òórùn dáadáa mọ́. Mo padà sídìí pátákó. Omi ọkùnrin onígi ti tán, oúnjẹ rẹ̀ ti tán, ègé tí mo yọ sẹ́yìn fún àlejò nìkan ló kù. Mo wò ó fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà mo mú un, mo fún un jẹ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ó yè é lọ́jọ́ náà. Èmi kò lè ta á mọ́.

Ní ti bí mo ṣe jáde, kò gùn. Mosúnmọ́lá dé láti ibi tó lọ, mo pè é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí àgbà ṣe ń pe ọmọ, mo ṣàlàyé fún un, ọ̀rọ̀ mi sì yé e. Ó wá Bólúwatifẹ́ kápíńtà tó wà ní ìsàlẹ̀ wa. Kọ́kọ́rọ́ mi fojú ọmọkùnrin náà rí màbo. Ó ní, "Bàbá, níbo lẹ ti rí irú èyí?" Mo dáhùn láti inú pé, "Jámánì!" Nígbà tí ó ń fà á láti ìta, èmi ń tì í láti inú, nítorí náà mi ò parọ́ nígbà tí mo ní ọwọ́ mi ni mo fi já a. Láwàlì ti dé nígbà yẹn, òun ló ń pa ẹ̀fọn.

Ọmọ mi, o ti gbọ́ ọ. Kì í ṣe orí mi ló dàrú, kì í ṣe pé mo ṣubú, kì í ṣe pé etí mi di tí mi ò gbọ́ fóònù. Kọ́kọ́rọ́ ló kán. Mo ti ní kí Bólúwatifẹ́ yọ èyí tó wà lára gbogbo ilẹ̀kùn inú ilé, aṣọ ìkélé ni mo ní kí wọ́n ta sí ti ìyẹ̀wù. Okùn ni mo fi so fóònù mọ́ ọrùn báyìí, bí ewúrẹ́ Iléyá. Bí o bá pè, n ó gbé e. Jọ̀wọ́, nígbà tí o bá dé lọ́jọ́ Sátidé, jókòó, jẹun, wò mí dáadáa kí o tó sọ̀rọ̀ ẹrù.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ojú ọ̀nà Èkó pa yín lára. Kí iṣẹ́ tí ẹ ń jí lọ ṣe má gba ìlera yín. Kí ẹ jèrè ara yín, kí ẹ jèrè ilé tí ẹ kọ́, kí ẹ rí àkókò jókòó nínú rẹ̀. Bí o ṣe ń du èmi bàbá rẹ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ tí ń bẹ níwájú yóò máa du ìwọ náà. Àmín.

Èmi ni bàbá tó bí ọ, tí ìwọ náà sì ń gbìyànjú láti tún bí,

Àlùájì Onírin.

Àfikún: Mo ti lẹ àpò ìwé yìí tán, mo tún un ya. Mi ò pe Mosúnmọ́lá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn tí ó jáde, agbo ilé dá wáí, fóònù náà dákẹ́, o ò pè mọ́. Mo rò pé ibẹ̀ ni n ó kú sí, tí ẹ̀yin á sì máa rò pé mò ń ṣeré. Mo jókòó sílẹ̀ mo sunkún, Rodiat, mo sunkún sókè. Nígbà tí mo gbọ́ bàtà rẹ̀ tó padà dé, mi ò pè é ní Ìyá Ummu, mi ò pè é ní ìyàwó. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni mo pè, èyí tí mi ò pè rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé. Mo ní, "Mosúnmọ́lá, jọ̀wọ́ má lọ. Ẹ̀rù ń bà mí." Kò rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ tí ohun tó rù já bọ́. Fóònù ló fi pe kápíńtà, kò kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ń bá mi sọ̀rọ̀, ó ń sọ iye tí ata gbà lọ́jà, ó ń sọ ohun tó fẹ́ sè, títí wọ́n fi ṣí i. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sì sọ fún ọkọ rẹ̀ pàápàá. Òótọ́ lo sọ pé mi ò lè dá gbé mọ́. Mi ò lè dá gbé. Ṣùgbọ́n ní Itori, láti ìdájí títí di alẹ́, mi ò mọ ẹni tí n bá pe orúkọ rẹ̀.